Onídàájọ́ Mọ́tò Oníhòòhò

Bí a bá ń ka àwọn tí ó ti gbé òkèèrè rí nínú ilé wa, àwọn ọmọ mi kì í kà mí mọ́ wọn. Àbúrò mi gbé Lọ́ńdọ̀nù, ó rí yìnyín. Ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà títí di òní. Èmi, odò Ọ̀kpárá ni mo là kọjá, mo sì dúró sí Ṣábẹ. Àwọn ọmọ a máa rẹ́rìn-ín pé ìyẹn kì í ṣe òkèèrè, pé ẹni tí ó bá kúrò ní Ìṣẹ́yìn ní ìdájí lè jẹun ọ̀sán níbẹ̀ bí inú àwọn aṣọ́bodè bá dùn. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé òkèèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ibi tí wọ́n bá ti ń pe ènìyàn ní àlejò láti àárọ̀ di alẹ́, òkèèrè ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ní Ìbàdàn ni, níbi tí mo ti ka ìtàn, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rí láyé tí n kò mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí n kò mọ̀ ni pé obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ti gbà fún oníṣègùn eyín kan. Mo sọ fún bàbá mi pé mo ń lọ kọ́ Faransé. Bàbá mi wò mí títí, ó ní òun gbọ́ pé Faransé dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá gbọgbẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ṣábẹ ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni mo ṣe dé ibẹ̀, kò pẹ́ tí ìjọba ológun wọn yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà láti Dàhòmì sí Bẹ̀nẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ni ó ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: kí ni mo wá ṣe? Owó epo ń ṣàn ní Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ Ṣábẹ ń gba ọ̀nà Kábúà lọ sọ́dọ̀ wa láti wá iṣẹ́, èmi sì kọjú sí wọn bọ̀, bí ẹni tí ó ń wọ mọ́ṣáláṣí nígbà tí èrò ń jáde. Ní ilé ẹ̀kọ́, kamaráàdì ni gbogbo wa, àti ọ̀gá àti agbálẹ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, olùkọ́ gbọ́dọ̀ kígbe pé “Ehuzu!”, èdè Fọ̀n ni, ó túmọ̀ sí pé nǹkan ti yí padà, àwọn ọmọ á sì dáhùn pé “Dandan!” Ohùn ará Ìṣẹ́yìn ni mo fi ń kígbe tèmi. Àwọn ọmọ a máa bẹ̀ mí pé kí n tún un ké, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ dáadáa. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Kò sí kíláàsì tí ó fẹ́ràn ìjọba tó tèmi.

Mo ti rò pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ń sọ Yorùbá, ilé náà ni mo wà. Àṣìṣe ńlá ni. Ẹni tí kò gbọ́ èdè yín, ẹ ó dárí jì í, ẹ ó fi ọwọ́ júwe fún un. Ẹni tí ó gbọ́ èdè yín tí ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀, ńṣe ni ẹ ó máa tẹ́tí sí i bí ẹni tí ó fẹ́ mọ ibi tí owó ayédèrú ti sán.

Bàbá Sùfíánù ni ó gbà mí sílé. Mẹkáníìkì ni láti ayé àwọn Faransé. Eyín iwájú rẹ̀ kan kò sí, ó ní ẹ́ńjìnnì kan ni ó gbà á lọ́wọ́ òun. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràmátù, ń se ẹ̀wà tà fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀. Àwọn méjèèjì dàgbà tó ẹni tí ó lè bí mi, síbẹ̀ “ẹ” ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀, “Mùsé” ni wọ́n sì ń pè mí, bí Faransé ti ń pe ọ̀gbẹ́ni. Mùsé, ẹ káàárọ̀. Mùsé, ẹ jókòó. Mùsé, ẹ má fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ yẹn. Bí mo bá fẹ́ pọn omi, wọ́n á gba korobá lọ́wọ́ mi. Bí àwọn méjèèjì bá ń jà tí mo bá wọlé, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n á bi mí léèrè àlàáfíà ilé ẹ̀kọ́. Bí mo bá jáde, wọ́n á tún mú ìjà wọn láti ibi tí wọ́n gbé e sí. Lákọ̀ọ́kọ́, mo gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ìtọ́jú lè mú kí ènìyàn dá wà ju ìyà lọ.

Tẹlifóònù kan wà ní póòsìtì, ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn. Láti Ṣábẹ sí ọ̀dọ̀ wa, àdàbà lè fò ó kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ohùn mi gbọ́dọ̀ lọ sí Kùtọnú, kí ó ti ibẹ̀ lọ sí Páríìsì, kí ó la òkun já sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tó padà wá bá ẹ̀gbọ́n mi nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ohùn mi ti rí yìnyín kí àbúrò mi tó rí i. Obìnrin tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, Màdáàmù Póòsìtì ni gbogbo ìlú ń pè é, a máa fi ẹ̀rọ tirẹ̀ sétí láti rí i dájú pé ìlà kò já. Ìlà kì í já rí, àfi bí ọ̀rọ̀ kò bá dùn.

Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi mú ìyá wa wá sí ọ́fíìsì náà. Ìyá mi gbà pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ó yẹ kí òun pariwo tó, nítorí náà gbogbo àwọn tí ó tò sẹ́yìn mi ni ó gbọ́ ọ. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tí ó ṣe, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀.

“Ta ni o ní níbẹ̀?”

Páríìsì àti Lọ́ńdọ̀nù ń dúró de ìdáhùn mi. Mo ní, “Mo ní ènìyàn, Ìyá.” Nígbà tí mo yíjú padà, gbogbo àwọn tí ó tò sẹ́yìn mi ń wo bàtà ara wọn.

Kò pẹ́ sí àkókò náà ni ẹran orí oúnjẹ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Nígbà tí mo dé, bí wọ́n bá pa adìẹ, itan ni tèmi. Nígbà tí ó yá, ó di apá. Nígbà tí iṣu titun jáde, ó di ọrùn, ọrùn náà ni mo sì ń jẹ láti ìgbà náà. Mo mọ ohun tí ó túmọ̀ sí: mo ti sú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ bóyá yàrá kan ṣófo níbòmíràn.

Inú èrò yìí ni mo wà nígbà tí délégẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Délégẹ̀ ni ọkùnrin tí ìjọba rán láti etí òkun wá láti máa darí àwọn ọ̀dọ́ ìlú. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni, kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, a máa làágùn bí ó bá ń sọ ọ́. Ó ti gbọ́ ìtàn mọ́tò oníhòòhò, ìtàn náà sì ti gbà á lọ́kàn.

Ní ayé Faransé, àwọn mẹkáníìkì Ṣábẹ a máa ra mọ́tò òyìnbó tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Wọ́n á bọ́ ọ sí ìhòòhò: wọ́n á gé òrùlé rẹ̀ sọnù, wọ́n á yọ ilẹ̀kùn àti màdígáàdì, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá, wọ́n á wá gbé ẹ́ńjìnnì kamiọ́ọ̀n, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù, sínú rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́kù kò ju ẹ́ńjìnnì, ìjókòó àti ìgboyà lọ. Mọ́tò wọ̀nyí ni wọ́n fi ń kó fàyàwọ́ láti ọ̀dọ̀ wa, aṣọ àti iyọ̀ àti obì, gba inú igbó Kábúà, kò sì sí aṣọ́bodè tí ó lè lé wọn bá. Délégẹ̀ sọ pé àwọn tí ó ṣe wọ́n kì í ṣe onífàyàwọ́, pé òṣìṣẹ́ tí ó ń bá amúnisìn jà ni wọ́n. Inú àwọn onífàyàwọ́ àtijọ́ dùn láti gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ó ṣètò ìdíje. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe fi agolo sàdíìnì, wáyà àti igi ṣe mọ́tò oníhòòhò kékeré, ṣùgbọ́n kí ó rí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti rí kí àsíá Faransé tó sọ̀ kalẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá dé lẹ́yìn tí àsíá náà sọ̀ kalẹ̀ yóò lé mọ́tò jáde nínú ìdíje. Àgbò kan ni ẹ̀bùn. Kì í ṣe àwọn ọmọdé ni ó forúkọ sílẹ̀. Awakọ̀ àtijọ́ ni, káfíńtà ni, àwọn bàbá onírungbọ̀n tí wọ́n ń fi bàtà rọ́bà àwọn aya wọn gé táyà. Bàbá Sùfíánù ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ibẹ̀.

Ohun tí ó kù ni onídàájọ́. Àwọn tí ó mọ mọ́tò wọ̀nyí dáadáa, gbogbo wọn ni ó ní ìbátan nínú ìdíje. Ní Ṣábẹ, bí o bá sọ òkò sínú ọjà, àna rẹ ni yóò bà. Délégẹ̀ ní òun ti wá gbogbo ìlú, èmi nìkan ni òun rí. Mo ṣàlàyé fún un pé n kò pààrọ̀ táyà rí láyé mi. Ó ní ìyẹn kò já mọ́ nǹkan kan, pé ohun tí ó wu òun jù lára mi ni pé n kò ní ẹnikẹ́ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, mo lọ bá àwọn àgbà. Gbogbo wọn ni ó gbà mí dáadáa, gbogbo wọn ni ó fún mi ní àga, gbogbo wọn ni ó sì parọ́ fún mi. Àgbà kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi agolo pupa ṣe tirẹ̀ búra pé pupa ni gbogbo mọ́tò náà. Òmíràn ní kò sí èyí tí wọ́n kùn rí. Ọ̀kan ní wọn kò ní búréèkì. Ìkejì rẹ̀ ní wọ́n ní in, pé àwọn awakọ̀ ni kò kà á sí. Nígbà tí mo máa fi parí, ohun tí mo mọ̀ kéré sí èyí tí mo mú dé ibẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ni a ṣe é, lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n to mọ́tò náà sórí tábìlì gígùn, àwọn tí ó ṣe wọ́n dúró sẹ́yìn wọn bí ìyá àwọn ìbejì. Mo fi ọwọ́ sẹ́yìn, mo ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀, mo ń mi orí. Ènìyàn kan fi rédíò ṣe ọ̀ṣọ́ sínú tirẹ̀; mo bi í bóyá àwọn onífàyàwọ́ ń gbọ́ ìròyìn bí aṣọ́bodè ti ń lé wọn bọ̀, ó gbé e kúrò lórí tábìlì fúnra rẹ̀. Káfíńtà kan láti Kábúà, Jákọ́bù, kọ “Ehuzu” gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Mo bi í ta ni ó ń kọ irú rẹ̀ ní ayé Faransé. Ó ní mọ́tò náà ríran ọjọ́ iwájú. Mo wo délégẹ̀. Délégẹ̀ wo òkè. Mo lé e jáde. Báyìí ni mo ṣe ń lé wọn títí ó fi ku méjì: ti àgbà awakọ̀ kan láti Bẹ̀sẹ́, tí kò dára, tí kò burú, àti ti Bàbá Sùfíánù.

Ti Bàbá Sùfíánù, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n parọ́, n kò tíì rí ohun tí ó dára bẹ́ẹ̀. Ìdérí ìgò ni iná iwájú rẹ̀, ọ̀kan péré, nítorí àwọn onífàyàwọ́ kì í fẹ́ kí aṣọ́bodè mọ bí mọ́tò ṣe fẹ̀ tó. Ó fi òwú wé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń jò. Ó ti fi ẹrẹ̀ gidi láti etí Ọ̀kpárá ra ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó dìde, ó sì jẹ́rìí sí i níwájú gbogbo ìlú pé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣakí ni wọ́n ti ra mọ́tò náà, pé aṣọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n bọ́, pé yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì, wọn kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Mo ti la ẹnu láti fún un ní àgbò. Ìgbà náà ni mo rí sítíárì. Apá òsì ni ó wà.

Nínú gbogbo ohun tí ó wà lórí tábìlì yẹn, ohun kan ṣoṣo nìyí tí mo mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ní ọ̀dọ̀ wa, ní ayé Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ọ̀nà ni a ń gbà, apá ọ̀tún sì ni sítíárì ń wà. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba wa yí i padà. Mo rántí ìgbà tí wọ́n yí i: bàbá mi kọ̀, kò jáde nílé, ó ní òun kò lè fi ọjọ́ ogbó kọ́ bí a ti ń kú. Mọ́tò tí ó ti Ṣakí wá ní ayé àsíá Faransé kò lè ní sítíárì lósì.

Mo fi ohùn kékeré bi í. “Bàbá, apá ibo ni sítíárì rẹ̀ wà?”

“Òsì.”

“Ní ayé Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tún ni tiwa wà.”

Mo lé mọ́tò náà jáde. Mo tilẹ̀ gbéra ga díẹ̀, kí n sọ òótọ́. Ọjọ́ tí a bá lo ohun tí a mọ̀ ní ìlú onílùú kì í pọ̀.

Bàbá Sùfíánù kò bínú. Ó kọjú sí délégẹ̀, ó bi í bóyá lóòótọ́ ni òfin ìdíje sọ pé ẹni tí ó bá ní ìbátan nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe onídàájọ́. Délégẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó dára,” ni Bàbá Sùfíánù wí. “Ọmọ mi nìyí. Inú ilé mi ni ó ń gbé, ìkòkò mi ni ó ti ń jẹ. Ẹ fagi lé gbogbo ìdájọ́ rẹ̀.”

Awakọ̀ Bẹ̀sẹ́, tí àgbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di tirẹ̀, fò dìde pé bàbá ọkùnrin yìí wà láàyè ní Ìṣẹ́yìn, pé ayálégbé kì í ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí mo ti lé jáde rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìfẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nínú wọn. Jákọ́bù ní òun ti rí mi tí mo sùn lórí ẹní Bàbá Sùfíánù, tí mo ya ẹnu. Ó ní àlejò kì í ya ẹnu sùn. Onírédíò ní níbi òkú kan, èmi ni mo ru bẹ́ǹṣì padà, a kì í sì í gbé bẹ́ǹṣì ru àlejò. Màdáàmù Póòsìtì dìde. Ó ní ìyá mi bi mí ta ni mo ní ní Ṣábẹ, mo sì ní mo ní ènìyàn, etí òun ni òun fi gbọ́ ọ, láti Páríìsì.

Délégẹ̀ nu ojú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ẹ̀rí tí ó lágbára ju èyí lọ. Ìgbà náà ni Ìyá Ràmátù ta ìró rẹ̀ mọ́ ìdí.

“Ẹ̀yin ará, nígbà tí ó dé, itan adìẹ ni mo ń bù fún un, torí àlejò ni. Láti ìgbà iṣu titun, ọrùn ni. Ta ní ń bu ọrùn adìẹ fún àlejò?”

Ariwo sọ láàárín àwọn obìnrin. Kò sí ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó burú kí ènìyàn tilẹ̀ rò ó. Awakọ̀ Bẹ̀sẹ́ fúnra rẹ̀ jókòó, ó mọ̀ pé ẹjọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Èmi ńkọ́? Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ka ìwà rẹ̀ fún nílé ẹjọ́, ojú mi sì ń ṣe omi. Mo ti ń wá yàrá mìíràn kiri nítorí ọrùn adìẹ. Kò sí ìwé kankan ní yunifásítì tí ó sọ fún mi pé báyìí ni ènìyàn ṣe ń di ti ibì kan: pé kò sí ẹni tí yóò kéde rẹ̀, pé ohun tí ìwọ yóò rí kò ju pé àpọ́nlé ń dín kù lórí àwo rẹ. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n fẹ́ ba ìdájọ́ mi jẹ́, bóyá n kì bá tí mọ̀ láéláé.

Délégẹ̀ kọjú sí mi. Ó ṣàlàyé pé bí mo bá ní àlejò ni mí, ìdájọ́ mi dúró, kò sì sí ẹni tí ó lè yí i. Bí mo bá ní ọmọ ilé ni mí, gbogbo rẹ̀ di òfo.

“Kamaráàdì pròfẹ́sọ̀, èwo ni?”

Mo wo sítíárì yẹn. Òsì ni ó wà, òsì ni yóò máa wà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wo Bàbá Sùfíánù. Kò ṣẹ́jú sí mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí ẹni tí ó béèrè ohun kan tí kò dá a lójú pé yóò rí i gbà.

“Ọmọ ilé ni mí,” ni mo wí. “Bàbá mi nìyí.”

Délégẹ̀ ni ó wá dájọ́ fúnra rẹ̀, òun tí kò rí mọ́tò oníhòòhò rí. Ó gbé àgbò fún Jákọ́bù, nítorí mọ́tò tí ó ríran. Awakọ̀ Bẹ̀sẹ́ kò kí mi títí ìkórè fi dé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo lò sí i níbẹ̀ kí n tó padà wálé. Ṣábẹ ti yí padà báyìí, wọ́n sọ fún mi, délégẹ̀ ti lọ, Ehuzu ti lọ, Bàbá Sùfíánù náà ti lọ, mo sì wà lára àwọn tí ó gbé òkú rẹ̀. Bí mo bá jókòó síwájú ilé mi ní Ìṣẹ́yìn nírọ̀lẹ́, ibùdókọ̀ ojú irin yẹn ni ó ń wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe Ìbàdàn.

Nígbà tí a ń rìn padà sílé lọ́jọ́ ìdíje náà, Bàbá Sùfíánù gbé mọ́tò rẹ̀ sábẹ́ apá. Ó di ẹnu ọ̀nà kí ó tó dúró.

“Ọ̀tún ni ó wà,” ni ó wí. Ó ní òun gan-an ni òun wà á, apá ọ̀tún ni òun jókòó sí, tí ewéko ń na òun létí. Ó ní láti ìgbà tí mọ́tò ọ̀dọ̀ wa ti ń wọlé pẹ̀lú sítíárì lósì ni ojú òun ti mọ́ ọn débi pé òun kò rí èyí àtijọ́ mọ́. “Ohun tí o rí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ọmọ ti í sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀.”

Ó wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé “ìwọ” ni ó pè mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, a ń yọ sítíárì náà láti gbé e sí apá ọ̀tún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò tún dá mọ́tò yẹn lẹ́jọ́ mọ́. Mo ní kí a kọ́kọ́ tẹ wáyà kí a tó gún ihò. Ó ní ihò ni a ń kọ́kọ́ gún. Mo ní rárá. Ó gba ìṣó lọ́wọ́ mi, ó pe Ìyá Ràmátù kí ó wá wo ohun tí ojú òun ń rí, ó ní, “Olóríkunkun ni ọmọ yìí, bí gbogbo ìran wa.”